Wáyà Abẹ́ Pákó Ilé Àdúrà

Hallstein Rysvik kò fẹ́ràn orin. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀, nítorí òun ló ń bójú tó sípíkà àti máìkì nílé àdúrà wa ní erékùṣù Skarvøy láti ìgbà tí irun ṣì kún orí rẹ̀. Ẹni tó bá rí i níbi tó máa ń jókòó sí lẹ́yìn, lábẹ́ aago ògiri, tó dijú, tí ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì ẹ̀rọ, á rò pé orin ló ń gbádùn. Kì í ṣe orin. Ohun tó wà lábẹ́ orin ló ń tẹ́tí sí.

"Tí orin bá parí," ló sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, "ìgbà yẹn ni mo máa ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ mi dára."

"Kí lo máa ń gbọ́?"

"Tó bá dára, n kì í gbọ́ nǹkan kan."

Iṣẹ́ iná ló ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ ẹja tó wà létí èbúté. Èmi ń pẹja. Ilé wa kọjú síra. Ọkùnrin gígùn ni, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn kúkúrú kọjá. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní Skarvøy, ṣùgbọ́n tirẹ̀ tún kéré sí tiwa.

Ariwo tó ń bá jà kì í ṣe ariwo èèyàn. Ariwo tí ẹnikẹ́ni kò pè ni. Ọ̀kan wà tó ń kùn bí oyin nínú agolo. Ara iná mànàmáná fúnra rẹ̀ nìyẹn ti ń wá. Ọ̀kan ń ṣe ṣáá bí òjò lórí páànù. Ìyẹn ni pé ẹnì kan ti yí bọ́tìnnì sókè jù. Ọ̀kan á kàn dún pá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì dákẹ́. Fíríìjì ilé ìdáná nìyẹn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Hallstein mọ gbogbo wọn bí olùṣọ́ àgùntàn ṣe ń mọ ikọ́ àgùntàn rẹ̀. Tí ọ̀kan bá dún, gbogbo wa á yí orí padà wò ó. A kì í sọ nǹkan kan. A kàn máa ń wò ó, títí ariwo náà á fi lọ.

Ìgbà kan wà tí oníwàásù kan wá láti ìlú Bergen. Ó ń gbàdúrà, gbogbo wa dorí kodò. Ó dákẹ́ díẹ̀ láàárín àdúrà náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe, kí Ọlọ́run lè ráyè sọ tirẹ̀. Ni ohùn ọkùnrin kan bá jáde nínú sípíkà, kedere bí ọ̀sán:

"Ṣé ẹ rántí ra kọfí, àbí orí yín ti dàrú?"

Peder, apẹja bíi tèmi, ni, tó ń fi rédíò ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ bá àwọn tó wà ní èbúté sọ̀rọ̀. Oníwàásù la ojú. Magnhild, tó ń bójú tó ilé ìdáná, ti dìde dúró. "A ti rà á!" ló wí, kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Hallstein lọ dá wà nínú ilé àdúrà pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Wáyà máìkì ló gùn jù, tó ń gba rédíò bí eríàlì. Ó gé e kúrú, ó we é mọ́ òrùka irin kan, ó fi òjé tún ẹnu rẹ̀ jó pọ̀. Peder kò tún bá wa gbàdúrà mọ́.

Olaug ni ìyàwó Hallstein. Láti ìgbà ọmọge ló ti wà ní yàrá agolo ní ilé-iṣẹ́ ẹja yẹn. Ẹ̀rọ tó ń dé agolo lẹ́nu ń pariwo débi pé ètè nìkan ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, láìlóhùn. Wọ́n á wò wá, wọ́n á mi ètè, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, a ò ní mọ irú yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi wá ṣe. Nígbà tí wọ́n máa fi ti yàrá náà pa, etí Olaug ti lọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ etí. Nínú ilé, tí ẹnì kan ṣoṣo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń ràn án lọ́wọ́. Nílé àdúrà, àga tó ń han gooro ló ń gbọ́, àti ikọ́, àti bébà súìtì. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo àfi oníwàásù. Ló bá dẹ́kun wíwá. Hallstein ń dá wá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, tí gbogbo èèyàn wà lóko koríko, Hallstein tú pákó ilẹ̀ ilé àdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tẹ́ wáyà sábẹ́ rẹ̀ yí gbogbo gbọ̀ngàn ká, ó sì kan pákó náà padà. Ó parí rẹ̀ kó tó sọ fún Arnfinn, alága wa. Ohùn tó bá wọ máìkì ń gba inú wáyà yẹn kọjá. Ẹni tó bá lo ẹ̀rọ etí á ti bọ́tìnnì kékeré kan sí apá kejì, ohùn oníwàásù á sì wọ etí rẹ̀ tààrà, láìsí ikọ́, láìsí àga.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, Olaug jókòó sí àárín. Arnfinn dìde, ó kí wa káàbọ̀. Olaug yí orí padà síbi tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó sì fi ohùn gíga sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀ ṣe ń ṣe:

"Bàbá, ọ̀fìnkìn ń ṣe Arnfinn!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ojú Hallstein pọ́n dé ọrùn. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Olaug á yí orí padà. Hallstein á gbé ìka kan sókè, èyí ni pé wáyà ti ń ṣiṣẹ́. Olaug á mi orí pé ó dára, á kọjú síwájú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é. A ti rí i débi tí a kò rí i mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí afárá tó so wá mọ́ ilẹ̀ ńlá, bọ́ọ̀sì dé, Torgrim sì bá bọ́ọ̀sì dé. Òun ló ń wà á. Ọkùnrin sísanra ni, onísùúrù, tí kì í gbéra títí arúgbó tó wọlé á fi jókòó dáadáa. Ó ní gìtá oníná pupa kan. Ṣáájú rẹ̀, Magnhild àtàwọn obìnrin mélòó kan ló ń ta gìtá onígi fún wa, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń sá lọ díẹ̀díẹ̀. Bí Torgrim ṣe dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú padà. Ó yẹ kí n sọ ìyẹn, nítorí òótọ́ ni.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé gìtá náà wá, ó gbé e kọ́ èjìká, ó dúró jẹ́ẹ́, ó ń dúró de oníwàásù kó parí. Kò fọwọ́ kan okùn kankan. Ni àpótí sípíkà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ohùn tíntín, bí ẹni tó há sínú ìgò. Ohun tí oníwàásù wí ni àpótí náà ń wí. Lẹ́yìn èyí ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kíkùn náà ga, ó di híhu bí ajá, àwọn ọmọdé di etí wọn. Hallstein sáré pa á.

Nígbà tí a ń mu kọfí, Magnhild gbé wáfù, àkàrà pẹlẹbẹ tí a ń yan, fún Torgrim, ó ní, "Arákùnrin Torgrim, gìtá rẹ ti gba ìpè. Ìwọ ńkọ́?"

Torgrim rẹ́rìn-ín, àmọ́ ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó lọ bá Hallstein. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gìtá mi ló bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́."

"Kí ló wá ń ṣe é?"

"Wáyà wíwé wà lábẹ́ àwọn okùn rẹ̀. Wáyà wíwé wà nínú ẹ̀rọ etí Olaug náà. Ohun kan náà ni wọ́n. Ohun tí Olaug ń gbọ́ ni gìtá rẹ ń gbọ́."

"Kí la lè ṣe sí i?"

"Dìde. Máa yí ara rẹ, díẹ̀díẹ̀."

Torgrim gbé gìtá, ó ń yí bí ẹran tí wọ́n ń yan. Nígbà tó kọjú sí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ òkun, ariwo náà rọlẹ̀ dáadáa. "Dúró síbẹ̀," ni Hallstein wí. Bẹ́ẹ̀ ni Torgrim ṣe ń ta gìtá fún ìyókù ìgbà òtútù yẹn, ó kọjú sí fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí ìjọ.

"Ọlọ́run là ń kọrin fún," ni Magnhild bèèrè, "àbí àwọn ẹyẹ òkun?"

Hallstein gbìyànjú. Ó gbé àpótí sípíkà lọ, ó gbé e bọ̀. Ó yí ohùn inú wáyà sílẹ̀, Olaug sì yí orí padà láti ibi tó jókòó sí, ó fọwọ́ kan etí. Ó yí i sókè padà. Ní Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ohun tó bá fún ọ̀kan ló ń gbà lọ́wọ́ èkejì. Mo rí i pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Kì í dijú mọ́ tí orin bá ń lọ.

Nígbà tí òtútù parí, a ṣe ìpàdé ọdọọdún. Torgrim dìde, ó fọwọ́ di fìlà rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin ará, n kò fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Àmọ́ ọrùn ń dùn mí. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàn ní kí n sọ ọ́."

Arnfinn kọjú sẹ́yìn. "Hallstein, pa wáyà yẹn ná, ká gbọ́."

Hallstein pa á. Torgrim kọjú sí wa, ó ta ẹsẹ orin kan. Ó mọ́ bí omi. Kò sí kíkùn kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo wo Hallstein. Mo rí i lójú rẹ̀ pé òun náà gbọ́ bó ṣe mọ́ tó, ó sì dùn ún.

Arnfinn bèèrè pé, "Ta ló ń lo wáyà yìí? Kí wọ́n nawọ́."

Ẹnikẹ́ni kò nawọ́. Àwọn tó wà ní àárín ń wo iwájú wọn. Hallstein ló nawọ́ láti ẹ̀yìn.

"Olaug," ló wí. Olaug fúnra rẹ̀ wà ní ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń yan wáfù.

"Ẹnì kan," ni Arnfinn wí. "A máa fún Olaug ní àga iwájú pátápátá. Ṣé ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ sí i?"

Ẹnikẹ́ni kò ní. Lọ́dọ̀ wa, tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. A lọ jẹ wáfù.

Mo bá Hallstein rìn lọ sílé. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò fi jà?"

"Ilé gbogbo wa ni."

A rìn díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ó mọ́, àbí? Gìtá yẹn."

"Ó mọ́."

"Mo ti ń wá irú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ."

Olaug jókòó sí iwájú ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi orúnkún kan oníwàásù. Nígbà tí a jáde, mo kọjú sí i kó lè rí ẹnu mi, mo ní, "Báwo ni? Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ bàtà rẹ̀."

"Ìwọ tí o máa ń ka ètè gbogbo èèyàn ní yàrá agolo!"

"Àwọn yẹn kò ní irùngbọ̀n. Ẹnu ti ọkùnrin yìí dà bí ihò ehoro nínú koríko. Mo wò ó títí, kò sí nǹkan kan tó jáde."

Ó fi ṣe àwàdà. Àmọ́ Ọjọ́ Àìkú tó tún tẹ̀ lé e, ilé ló wà, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀. Hallstein dá wá. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, mo rí ìka rẹ̀ tó gbéra sókè, tó dé ìdajì ọ̀nà. Ó fi yún etí rẹ̀.

Mo bi í pé ṣé kò ní jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá jókòó sílé, ta ló máa bójú tó kíkùn?" Ohun tó fẹ́ nìyẹn, kò sì sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí Olaug wá jókòó sí àárín, kó yí orí padà, kí òun sì gbé ìka sókè. Ilé àdúrà tó mọ́, tí Olaug kò sí nínú rẹ̀, iṣẹ́ lásán ni.

Gbogbo nǹkan mọ́ lọ́dún yẹn. Torgrim kọjú sí wa, àwọn ọ̀dọ́ kún ẹ̀yìn. Àmọ́ nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn. Àmín wọn ń pẹ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á ṣe é kí oníwàásù tó parí. Tí wọ́n bá pe nọ́ńbà orin, ọ̀pọ̀ á na ọrùn wo ìwé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹni yẹn náà á sì na ọrùn wo ti ẹlòmíràn. Hallstein rí i. Ó rò pé sípíkà rẹ̀ ló ti ń kú. Ó tú wọn palẹ̀, ó nu wọ́n, ó pààrọ̀ wáyà wọn. Ó gbé wọn ga sí i lára ògiri. Lẹ́yìn ìsìn, ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

"Ṣé ẹ gbọ́ oníwàásù dáadáa?"

"A gbọ́ dáadáa, Arákùnrin Hallstein."

"Arnfinn, ṣé o gbọ́?"

"Kedere. O ń gbìyànjú."

Gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá bá mi. "Bóyá etí tèmi ló ti ń lọ," ló wí. "Mo rò pé nǹkan kan kò dára, wọ́n sì ní ó dára." Ó ti rù sí i. Ó ń rìn bí ẹni tó ru nǹkan.

Nígbà tí òjò ìwọ́wé bẹ̀rẹ̀, ó ku ọjọ́ díẹ̀ ká ṣe básà wa, ọjà kéèkì àti ìbọ̀sẹ̀ tí a fi ń kówó jọ fún ilé àdúrà, páìpù bẹ́ ní ilé ìdáná ilé àdúrà. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú ló bẹ́. Oníwàásù kéde láti orí pèpéle pé ilé-ẹ̀kọ́ ni a ti máa ṣe básà ní Sátidé. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Arnfinn jókòó níwájú, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́sàn-án Sátidé, a wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Hallstein ti gbé sípíkà kan wá. Torgrim wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, oníwàásù wà níbẹ̀. Magnhild dúró ti tábìlì kéèkì, tábìlì náà ṣófo dé ìdajì.

"Àwọn àgbà dà?" ló bèèrè. "Ta ló jẹ kéèkì wọn lọ́nà?"

Ó rán Hallstein. Mo tẹ̀ lé e. Òjò ń rọ̀. Nígbà tí a dé ilé àdúrà, iná ń tàn nínú. A ṣí ilẹ̀kùn.

Wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn, gbogbo wọn, lórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí. Kóòtù wọn wà lọ́rùn. Kéèkì wà lórí itan wọn, tí wọ́n fi aṣọ bò. Àwọn mìíràn gbé ìbọ̀sẹ̀ híhun dání. Omi ti ṣàn láti ilé ìdáná dé abẹ́ ìlà àkọ́kọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ sì gbé ẹsẹ̀ sókè. 

Mo lọ dúró síwájú Arnfinn. Mo pariwo. "Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"À ń dúró," ni Arnfinn wí.

"De kí ni?"

"De àwọn tó kù. Wọ́n pẹ́ lónìí."

"Àwọn tó kù wà ní ilé-ẹ̀kọ́! Ibẹ̀ ni básà wà! Oníwàásù kéde rẹ̀, o sì mi orí!"

Arnfinn wo kéèkì rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wo ẹnu mi, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n tún ń wo ilẹ̀. Kálukú wọn rò pé òun nìkan ni kò gbọ́, kò sì fẹ́ da ẹlòmíràn láàmú nípa bíbèèrè.

Hallstein kọjá lára wa. Ó lọ síbi tirẹ̀ lẹ́yìn, ó tan ẹ̀rọ, ó yí ohùn sípíkà sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ló tan wáyà. Ó mú máìkì, ó rìn wá síwájú, ó dúró síbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. Ó fi ìka kan etí rẹ̀, ó sì yí ìka náà, bí ẹni tó ń ti bọ́tìnnì kékeré.

Kò sẹ́ni tó mira. Obìnrin arúgbó kan ní ìlà kẹta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan abẹ́ ìborùn rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i, ó fọwọ́ bọ abẹ́ fìlà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ń lọ sí etí káàkiri gbọ̀ngàn, lábẹ́ irun, lábẹ́ fìlà òwú, lábẹ́ ọrùn kóòtù. Arnfinn ló fọwọ́ kan tirẹ̀ kẹ́yìn.

Hallstein gbé máìkì sẹ́nu. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ohun tí mo gbọ́ kò ju èémí lọ, mo sì wà nítòsí rẹ̀.

"Ẹ káàsán. Ẹni tó bá gbọ́ mi, kó nawọ́."

Gbogbo wọn nawọ́. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn lókè.

"Mo rò pé èmi nìkan ni," ni obìnrin ìlà kẹta wí.

"Èmi náà."

"Ẹ̀rọ tèmi, mo rò pé ó ti bàjẹ́. Mo ti fẹ́ jù ú sókun."

Mo kọjú sí Arnfinn. "Ìwọ lo ní kí wọ́n nawọ́ lọ́jọ́ ìpàdé!"

"Mo ní kí wọ́n nawọ́," ni Arnfinn wí. "Ẹnikẹ́ni kò dáhùn."

"Wáyà wà ní pípa! Ta ló máa gbọ́ ọ? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń bèèrè. Alága kì í nawọ́."

Nígbà tí Magnhild gbọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ó ní, "Tí iná bá jó ilé yẹn, wọ́n á jókòó síbẹ̀ títí ẹlòmíràn á fi sọ pé ó gbóná." Torgrim kò bínú. Ojú ń tì í. "Ẹ ò bá ti sọ fún mi," ló ń wí. "Mo ní gìtá onígi nílé. Mo lè dúró níwájú máìkì bíi ti àwọn ìyá. Ẹ ò bá ti sọ ọ́." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹnu kò sí i, lórí kéèkì, láìṣe ìpàdé. Wáyà máa ṣiṣẹ́.

Hallstein yára rìn lọ sílé. Láti ọjọ́ pípẹ́, n kò rí i kó yára. Mo bá a wọlé. Olaug wà ní ìdí tábìlì pẹ̀lú òwú rẹ̀. Kí a tó dé ojú rẹ̀ ló ti gbé orí sókè.

Hallstein jókòó síwájú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Wáyà ti padà."

"Mo rí i lójú rẹ kó o tó sọ ọ́."

"Gbogbo wọn ló ń lò ó. Arnfinn pàápàá."

"Arnfinn?" Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi gbé òwú sílẹ̀. "Mo mọ̀. Irun tó fi bò ó yẹn, ta ni kò mọ̀?"

"O máa wá lọ́la?"

Ó mú òwú náà padà. Ó hun ìlà kan, ó yí i, ó hun òmíràn.

"Rárá, bàbá," ló wí.

Hallstein fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Inú ariwo ni mo ti wà láti ìgbà ọmọge mi. Ti agolo, lẹ́yìn náà ti àga àti ikọ́. Lẹ́yìn náà o fi wáyà ṣe é fún mi, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo dúpẹ́. Àmọ́ lọ́dún yìí, mo jókòó síbí. Ẹsẹ̀ mi wà lórí pákó. Tí o bá wọlé, mo mọ̀. Tí o bá jáde, mo mọ̀. Mo mọ̀ tí ó bá rẹ̀ ẹ́, nítorí ẹsẹ̀ rẹ ń wúwo. Èyí tó kù, n kò wá a mọ́."

"Ọ̀rọ̀ Olúwa ńkọ́?" ni mo wí. Mo fẹ́ fi dá a lára yá ni.

"Òun náà kì í pariwo."

Hallstein wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì. "Nítorí tìrẹ ni mo ṣe tẹ́ wáyà yẹn."

"Mo mọ̀," ni Olaug wí. "Mo gbọ́ ọ. Àmọ́ ìwọ máa lọ ní tìrẹ. Wọ́n nílò rẹ."

Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní Ọjọ́ Àìkú, ilé àdúrà kún. Wọ́n ti dí páìpù náà lóru, wọ́n sì ti nu ilẹ̀ gbẹ. Mo jókòó sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hallstein. Torgrim dúró níwájú máìkì pẹ̀lú gìtá onígi. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin ìlà kẹta yí orí padà wo ẹ̀yìn. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yí orí padà. Gbogbo àárín gbọ̀ngàn yí orí padà, wọ́n ń wo Hallstein. Ó gbé ìka sókè. Gbogbo wọn mi orí, wọ́n kọjú síwájú. Ó gbé ìka náà sílẹ̀, ó sì ń wò ó bí irinṣẹ́ ẹlòmíràn.

Orin lọ dáadáa. Oníwàásù bẹ̀rẹ̀. Kò tíì jìnnà tí kíkùn náà fi dé. Kò ga. Bí oyin nínú agolo, lábẹ́ ọ̀rọ̀ oníwàásù, kò lọ, kò bọ̀. Àwọn tó wà ní àárín fọwọ́ kan etí wọn. Lẹ́yìn náà gbogbo orí yí padà sẹ́yìn. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ń wò ó, wọ́n sì ń dúró.

Hallstein tẹ́tí sí i. Kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan.

"Ìkòkò kọfí ni," ló sọ fún mi. Kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Magnhild ti fi í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ọwọ́ ọ̀tún."

"Lọ yọ ọ́."

"Mò ń lọ."

Ó dìde. Ó mú kóòtù rẹ̀ lórí ìṣó, ó wọ̀ ọ́, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ó mú fìlà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé àdúrà nínú àpò, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Ó rìn gba ẹ̀yìn kọjá lọ sí ilé ìdáná. Kíkùn náà dákẹ́. Àwọn orí tó wà ní àárín kọjú síwájú, oníwàásù sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ ilẹ̀kùn ìta tó ṣí, tó sì padé. Ọ̀nà ilé ló gbà.